Ìwé tí Kì í Jáde Nílé

Ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Mo fojú ara mi rí i lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa àgbà ní Igbein. Àwọn tó ti ń pè é ní Bàbá Páálí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí wọ́n máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n bá rí i tó ń ṣa páálí mílíìkì nílẹ̀ lẹ́yìn ìnáwó, àwọn gan-an ló ń sọ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni, pé orí pípé ni Ọlọ́run fún un. Alhaji Ràímì, àbúrò rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú, sunkún títí tí wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́. Alhaji yìí kò jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá wa rí láyé rẹ̀, nítorí kí gírísì má baà ta sí i láṣọ. Mo ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀? Nínú gbogbo àwọn tó dúró létí sàréè lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ tó mi.

Èmi ni ọmọ ọmọ tó sún mọ́ ọn jù lọ. Àṣàkẹ́ ló ń pè mí. Mo fẹ́ kọ irú ẹni tó jẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó fi ẹkún àti ìyìn sọ ọ́ di ẹlòmíràn mọ́ mi lójú. Ẹ má retí ọjọ́ tí wọ́n bí i. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ká a lára.

Bùráímọ̀ Àkànní lorúkọ rẹ̀. Ìdílé oníṣòwò ni wọ́n bí i sí, àwọn tó ti ń ta aṣọ láti ayé baba wọn. Òun nìkan ló fi aṣọ sílẹ̀ tó lọ kọ́ iṣẹ́ irin lọ́dọ̀ àwọn rélùwéè. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ya yàrá kan tó kọjú sí títì sọ́tọ̀ nínú ilé wa, ó gbé báìsì kan tó fi ń di irin mú àti àga gígùn kan síbẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá àti èyí tí ń lọ ata ni àwọn èèyàn ń gbé wá fún un láti tún ṣe. Iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ nìyẹn. Ohun tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ ni bí ẹ̀rọ ṣe ń rìn: bí irin kan ṣe ń ti èkejì, tí èkejì ń fa ẹ̀kẹta, tí ẹ̀kẹta á sì wá ṣe ohun tí ìwọ tó ò ń yí kránkì ò lè fọwọ́ ṣe. Ìwé kan ló ní lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìwé ńlá kan tó kún fún àwòrán kéékèèké, nọ́ńbà wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kránkì lóríṣiríṣi, jíà lóríṣiríṣi, apá irin tí wọ́n kàn mọ́ra ní gbogbo ọ̀nà tí orí ọmọ aráyé lè gbé e dé.

Láfẹ́nwá ló ti rí ìwé náà. Ó ń dúró de rélùwéè, ebi ń pa á, ó ra àkàrà. Bó ṣe tú u, ó rí i pé àwòrán jíà méjì ló wà lára bébà tí wọ́n fi pọ́n ọn. Ó gbàgbé àkàrà. Ó sáré padà lọ bá obìnrin tó tà á fún un, ó bá ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, obìnrin náà ń fa ojú ìwé ya bí ẹni ń ja ewé. Ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya á mọ́.” Ìyá náà ní kí lòun fẹ́ wá fi máa pọ́n àkàrà. Bàbá bá ra gbogbo àkàrà tó kù kó má baà sí ohun tí wọ́n máa pọ́n mọ́. Rélùwéè lọ láìsí i níbẹ̀. Ogójì ojú ìwé àkọ́kọ́ ni kò bá, tí wọ́n ti lọ káàkiri ìlú pẹ̀lú òróró. Tó bá ń sọ ìtàn yìí, tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi ń parí rẹ̀: “Àwọn èèyàn ti jẹ ogójì ojú ìwé kí n tó dé.”

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò jinlẹ̀, àwòrán ló ń kà. Tó bá rí ẹ̀rọ kan níta tí ìrìn rẹ̀ ò sí nínú ìwé náà, á ní ó ní láti jẹ́ pé inú ogójì tó sọnù ló wà. Á yà á sínú bébà ìwé ìkọ̀wé, á fi òwú tí wọ́n fi ń rán àpò rán an mọ́ iwájú ìwé. Bó ṣe ń ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún nìyẹn, títí ogójì tó sọnù fi di bí ọgọ́rin. Etí ojú ìwé yòókù sì kún fún ìkọ̀wé rẹ̀, ìkọ̀wé tẹ́ẹ́rẹ́, Yorùbá gbogbo. “Èyí máa ń há nígbà ọyẹ́.” “Fi àyè tó nípọn tó èékánná sílẹ̀ níbí.” “Má ṣe èyí fún ẹni tí ń kánjú.” Ibi kan wà tó kọ ọ́ sí pé: “Ẹni tó ya àwòrán yìí ò ṣe é rí.” Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá dé ibẹ̀.

Òfin kan ló fi lélẹ̀ lórí ìwé náà: kì í jáde nílé. Ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Kó wá jókòó sórí àga gígùn, kó mú pẹ́ńsùlù, kó fọwọ́ ara rẹ̀ da ohun tó bá fẹ́ kọ. Bàbá mi, Wàhábì, àkọ́bí rẹ̀, fẹ́ gbé e lọ sí Ìbàdàn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dìjà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko, ìyá wa àgbà ló ń bá wọn jíṣẹ́ síra wọn bí ẹni pé òkun ló wà láàárín wọn. Nígbà tó yá, ọkùnrin ńlá kan gbé mọ́tò wá láti ọ́fíìsì ìjọba, ó ní alẹ́ ọjọ́ kan péré lòun fẹ́ fi yá a. Bàbá fa àga fún un, ó fún un ní pẹ́ńsùlù. Ọkùnrin náà ní òun ò ráyè jókòó. Bàbá dá a lóhùn pé, “Ìwé ò lẹ́sẹ̀, ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ lẹ́sẹ̀.”

Páálí ni mo fẹ́ sọ báyìí, nítorí òun ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí bàbá wa máa firin ṣe tí kò ní kọ́kọ́ fi páálí ṣe. Á gé páálí ní apá mẹ́rin, á fi pín-ìn-nì kàn wọ́n mọ́ pákó, á ki ẹnu pẹ́ńsùlù bọ ihò kan lára wọn, á wá máa yí apá àkọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí apá yòókù bá ṣe ń rìn ni pẹ́ńsùlù á máa fa ìlà sórí bébà. Ìlà yẹn ló ń wò. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tú u, á gé apá kan kúrú, á tún un kàn. Ó máa ń gbé etí lé pákó náà láti gbọ́ ibi tó ti fẹ́ há. Ọkùnrin kan láti Wásinmi gbé ẹ̀rọ wá lọ́jọ́ kan, ó ń kánjú, ó ní páálí kọ́ lòun wá rà. Bàbá ní kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Ẹni tí kò bá lè fara balẹ̀ wo páálí, ó ní, irin máa gé e lọ́wọ́.

Tí páálí bá wá rìn bó ṣe fẹ́, á fi rúlà wọn apá kọ̀ọ̀kan, á kọ nọ́ńbà wọn sí etí ìwé, á wá kó páálí náà fún ìyá wa àgbà pé kó fi dáná. Èyí ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, ó di iná ọbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í tọ́jú wọn.

Ó ní, “Páálí tó ti ṣiṣẹ́ ti rẹ̀. Ihò rẹ̀ ti fẹ̀. Tó o bá tún bi í léèrè lọ́la, irọ́ ló máa pa fún ọ.”

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ohun tó bá ti wọ inú ìwé náà, inú ìwé nìkan ló wà.

Ó kan ìyá wa àgbà, Sábítíù, ọmọ Ọ̀fàdà. Ẹni tó bá jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà mọ bó ṣe dùn tó, ó sì mọ òkúta inú rẹ̀. Láti kékeré ni Ìyá ti ń fẹ́ ìrẹsì, tó ń ṣà á, tó ń fi omi ṣẹ́ ẹ, síbẹ̀ òkúta gba eyín méjì lẹ́nu rẹ̀ kó tó bí ọmọ kejì. Nígbà tí bàbá wa lọ tọrọ rẹ̀, ó sọ lójú àwọn àna rẹ̀ pé òun máa ṣe ẹ̀rọ tí á máa yọ òkúta fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fún un níyàwó. Láti ìgbà náà, ìgbàkigbà tí òkúta bá ti dún lẹ́nu Ìyá nídìí oúnjẹ, kò ní gbójú sókè, á kàn béèrè pé, “Bàbá Wàhábì, ẹ̀rọ mi dà?” Bàbá á ní, “Ó ń bọ̀ lọ́nà.” Àwa ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Ó ti di àwàdà ilé wa, ṣùgbọ́n òun ò fi ṣàwàdà.

Ọwọ́ Ìyá ló ń kọ́. Tí Ìyá bá ń fẹ́ ìrẹsì, á ti atẹ síwájú jẹ́jẹ́, á wá fà á padà wàrà. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni òkúta á máa wọ́ lọ sí etí kan, tí ìrẹsì á dúró ní tiẹ̀. Ó rọrùn lójú, ṣùgbọ́n ẹ lọ dán an wò. Bàbá so pẹ́ńsùlù mọ́ etí atẹ náà, ó na bébà mọ́ ògiri, ó ní kí Ìyá máa fẹ́ ẹ lọ bó ṣe ń fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, kí pẹ́ńsùlù lè ya ìrìn ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá ní, “Ṣé mo wá di ẹ̀rọ ni?”

“Rárá o,” ni bàbá wa wí. “Ẹ̀rọ ló fẹ́ di ìwọ.”

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wá apá mẹ́rin tí ìrìn wọn máa bá ìlà yẹn mu. Ọdún tí àwọn ṣọ́jà ń to gbogbo èèyàn sórí ìlà, láti orí oní-mílíìkì dé ibùdókọ̀, ọdún náà ló rí i. Mo wà nílé fún ìsinmi. Ọ̀sán ni, ó pariwo orúkọ mi láti ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé ó ṣèṣe ni. Ó ti gbé àwo pẹrẹsẹ kan lé orí páálí, ó da ìrẹsì ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Ó ní kí n yí i. Mo yí i. Òkúta mẹ́ta wọ́ kúrò láàárín ìrẹsì, wọ́n lọ dúró sí igun àwo bí ẹni tí wọ́n ní kó jáde síta. Ó yí i fúnra rẹ̀ nígbà mẹ́wàá kó tó gbà. Lẹ́yìn náà ló wọn apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kọ nọ́ńbà wọn sí etí ojú ìwé kan láàárín ìwé náà, ó fi orúkọ sí i lókè: Ọwọ́ Sábítíù.

Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún Ìyá títí irin á fi dúró. Ó kó páálí náà lọ sí ìdí ààrò. Ìyá fi dáná ọbẹ̀ alẹ́, kò mọ ohun tó ń jó.

Ọdún kejì tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nílé ẹ̀kọ́ gíga ni mo wà nígbà náà. Èmi nìkan lobìnrin nínú kíláàsì wa, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Olùkọ́ wa kan gba kọ̀ǹpútà wá sílé ẹ̀kọ́, wọ́n fi ètò kan sínú rẹ̀ tó jẹ́ pé tó o bá ti sọ bí apá irin kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó fún un, á ya wọ́n sójú gíláàsì ní ìlà aláwọ̀ ewé, wọ́n á sì máa rìn. Mo sáré wálé lọ ròyìn fún bàbá wa. Mo rò pé inú rẹ̀ máa bàjẹ́. Ńṣe ló gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

“Ẹ ò ní gé páálí rárá?”

“Rárá, Bàbá.”

“Ihò rẹ̀ ńkọ́, ṣé kì í fẹ̀?”

“Kò ní ihò, Bàbá.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. “Ẹ̀rọ tí kò ní ihò! Kì í rẹ̀ ẹ́ nìyẹn.” Ó wá ní kí n mú òun lọ wò ó. Mo wo bùbá rẹ̀ tí epo ti rin, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú sálúbàtà onírọ́bà, mo sì sọ fún un pé wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọlé. Irọ́ ni. Bàbá àwọn akẹgbẹ́ mi méjì ti wá wò ó, wọ́n wọ agbádá. Bàbá wa mi orí. Ó ní, “Ó dáa. Bá mi kí i.”

Olùkọ́ wa yìí ní kí a mú ìrìn ẹ̀rọ tó bá ṣòro wá, ká fi dán kọ̀ǹpútà náà wò. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Rúlà àti pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ mi, mo mọ òfin ilé wa, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ì bá gbà mí láti da nọ́ńbà mẹ́rin kọ. Mi ò dà á kọ. Mo fẹ́ kí olùkọ́ rí ìwé náà fúnra rẹ̀, kó bi mí pé ti ta ni, kí n lè dáhùn. Bàbá lọ sí Wásinmi fún ọjọ́ méjì lọ tún ẹ̀rọ gbágùúdá kan ṣe. Mo fi gèlè mi wé ìwé náà, mo gbé e jáde nílé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọ ibẹ̀.

Olùkọ́ ò ráyè ṣí i lọ́jọ́ náà, ó ní kí n fi sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Kó tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n rán an lọ sí òkè òkun fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta, ó sì gbé ìwé náà dání, ó ní òun á máa kà á lọ́nà.

Bàbá dé láti Wásinmi, ó lọ tààrà síbi àpótí tó ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ó jáde wá, ó wò mí. Mo ní, “Ó ń bọ̀, Bàbá. Ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ mi.” Ó jókòó sórí àga gígùn. Ìyá yọ láti ilé ìdáná, ó béèrè pé kí ló sọnù.

Bàbá ní, “Kò sí ohun tó sọnù. Mo yá ẹnì kan ní ìwé ni.”

Ìyá kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. “Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò yá Wàhábì?”

“Èmi náà ni.”

Mo dúró níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mi ò sọ pé rárá o, èmi ni. Ọ̀rọ̀ náà dé etí bàbá mi ní Ìbàdàn kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, pé bàbá rẹ̀ ti yá àlejò ní ìwé tó fi du òun. Kò bínú sókè. Kò kàn wálé fún Iléyá ọdún yẹn, kò sì wá fún ti ọdún tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, olùkọ́ wá mi wá sí Igbein. Èèyàn dáadáa ni, ohun tó ń dùn mí nìyẹn, n kò rí ẹni bú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá wa, ó wá fa ìwé tuntun kan yọ láti inú ọ̀rá, páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán.

“Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìwé yín yẹn ti gbó jù, ó ń já lọ́wọ́ mi. Àwọn ọmọdé sì ti kọ ìkọkúkọ sí gbogbo etí rẹ̀. Ìgbà tí mo wá rí tuntun rẹ̀ níbẹ̀, mo ní ẹ̀bùn Bàbá lèyí. Ó pé pérépéré, ojú ìwé kan ò sọnù nínú rẹ̀. Ilé ọba tó jó ni, ẹwà ló bù sí i.”

Mo bi í pé, “Ti àtijọ́ yẹn ńkọ́, sà?”

“Ah, mo fi sílẹ̀ níbi tí mo dé sí. Wọ́n á ti kó o dànù.”

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ní, “Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á fi rere san án fún yín.” Ó ní kí Ìyá bu ìrẹsì Ọ̀fàdà tó ti ṣà kalẹ̀ fún un, kó gbé e lọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun mójú tó mi. Títí mọ́tò fi lọ, kò sí ohun kan lójú rẹ̀ tí olùkọ́ lè rí kà.

Ó wá jókòó, ó ṣí ìwé náà láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Ogójì tí àwọn ará Láfẹ́nwá fi jẹ àkàrà ló kọ́kọ́ ń kà. Ó ń fi ìka tọ àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlàjì ohun tó fi ọgbọ̀n ọdún wá kiri, tó yà, tó fi òwú àpò rán mọ́ ìwé, ó bá wọn níbẹ̀ ní títẹ̀. Ó ní, “Wò ó, Àṣàkẹ́. Wọ́n ti wà níbí kí wọ́n tó bí mi.” Ó ń ṣí i lọ. Ó dé ojú ìwé tó kọ Ọwọ́ Sábítíù sí létí nínú ti àtijọ́, ó gbé àtàǹpàkò lé ibẹ̀, ó ń fi ra ibi funfun náà lọ sókè sódò. Èyí nìkan ni tiẹ̀ pátápátá, kò sì sí nínú ìwé kankan láyé mọ́.

“Ìwé yìí ò mọ̀ mí rí,” ló wí.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kó na mí, kó lé mi, mo ní jẹ́ kí n lọ sọ fún Ìyá. Ó ní kí n dìde.

“Ìyá rẹ ò gbọdọ̀ gbọ́. Tó bá gbọ́, kò ní lè wo ojú rẹ mọ́. Èmi, ó ti mọ́ ọn lára láti máa bá mi jà.”

Ohun tó ṣe fún mi nìyẹn. Wọ́n á sọ nípa ẹ̀rọ tó tún ṣe àti àwọn tó kọ́ níṣẹ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi mí pé irú èèyàn wo ni Bùráímọ̀ Àkànní, ọ̀rọ̀ kan yìí ni mo máa tọ́ka sí. Ó ru ẹ̀ṣẹ̀ mi, kò sì fi ọjọ́ kan kùn ún sí mi létí. Èmi náà sì jẹ́ kó gbà á lọ́wọ́ mi kó máa rù ú. Ó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ ni, kí n má purọ́.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ó ṣa páálí, ó gé apá. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ihò kì í bọ́ síbi tó yẹ mọ́, nọ́ńbà ò sì dúró sí i lórí. Á ní ó jọ pé apá kẹta ni ó kúrú jù, lọ́la á ní ìkejì ni. Mo lọ sídìí kọ̀ǹpútà olùkọ́ wa, mo jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nọ́ńbà ló ń béèrè kó tó ya ohunkóhun, nọ́ńbà gan-an ni mi ò sì ní. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò fi bẹ́ẹ̀ wálé mọ́. Mo ní ìdánwò ń bọ̀. Mo gba ìwé ẹ̀rí tó dáa gan-an, olùkọ́ náà ló kọ́kọ́ kí mi kú oríire.

Ní ọdún méjì tó lò kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ Ìyá nídìí oúnjẹ yí padà. Tí òkúta bá dún lẹ́nu rẹ̀, kì í béèrè ẹ̀rọ mọ́. Á ní, “Ẹ bi ẹni tẹ́ ẹ yá ní ìwé.” Bàbá á máa jẹun lọ. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Tí mo bá wà níbẹ̀, á fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì, kí n má baà sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé n kò ní i lọ́kàn láti sọ ọ́.

Nígbà tó kú, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Férémù irin ẹ̀rọ Ìyá wà ní igun, ó ti dípẹtà, apá kankan ò sí lára rẹ̀. Mo ṣí ìwé tuntun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò kọ nǹkan kan sí etí rẹ̀.

Ní ọjọ́ fídáù, ọjọ́ kẹjọ, àwọn obìnrin ilé ń dáná lẹ́yìnkùlé. Ìyá jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ìrẹsì àlejò. Mo fa àpótí tèmi sún mọ́ ọn, mo gba atẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè sinmi. Ó ń wo ọwọ́ mi.

Ó ní, “Òkúta tó ò ń ṣà yẹn, ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀rọ tí ì bá máa ṣà á lé àlejò lọ́wọ́.” Ó gbé ọwọ́ lé itan. “Alẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la kó lọ, òkúta bá eyín mi. Mo ní kó lọ bá ẹni tó yá ní ìwé, kó lọ máa bá a gbé. Kò dá mi lóhùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, n kò kí i. Mo gbọ́ ọ tó ń wúkọ́, mo ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́. Ìgbà tí mo máa padà wọlé, ó ti lọ.”

Mo sọ fún un. Mi ò mọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo sọ gèlè tí mo fi wé ìwé náà, mo sọ páálí tó fi dáná ọbẹ̀ alẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mo sọ ohun tí Bàbá kọ síbẹ̀.

“Kí lo ní ó kọ síbẹ̀?”

“Ọwọ́ Sábítíù, Ìyá.”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀. Àwọn tó ń dáná ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan ń béèrè iyọ̀.

“Ọdún méjì,” ló wí. “Ọdún méjì ni mo fi bá a jà lórí ohun tí kò ṣe. O wà níbẹ̀, Àṣàkẹ́. Ò ń bá wa jẹun níbẹ̀. Kí ló dé tó ò sọ nígbà tó wà láàyè, kí n lè bẹ̀ ẹ́?”

Mo tẹrí ba, mo ń wá òkúta tí omi ojú ò jẹ́ kí n rí. Ìyá na ọwọ́, ó gba atẹ náà kúrò lọ́wọ́ mi. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó tì í síwájú jẹ́jẹ́, ó sì fà á padà.